Iná Inú Àpò

“Ta ló dáná níbí?” ni ọ̀gá panápaná béèrè.

Omi ń kán lára ògiri tó ti dúdú bí ìdí ìkòkò, èéfín ṣì ń rú díẹ̀díẹ̀ nínú òkìtì páálí tó jóná. Àwọn ará ilé dúró sínú ẹrẹ̀ àgbàlá, tọkùnrin tobìnrin, Bọ́lánlé ni gbogbo wọn ń wò. Patrick, télọ̀ tí yàrá rẹ̀ fara ti ilé ìdáná, fi aṣọ tútù wé ọwọ́ òsì rẹ̀ tí iná ti bó. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló fẹ́ gbé jáde tí iná fi lé e bá. Kò rí i gbé. Kò sí ohun tó ṣẹ́ kù nínú yàrá náà.

Bọ́lánlé mọ ìdí tí wọ́n fi ń wo òun. Ọmọ Ìkìrun ni, Okechukwu ọkọ rẹ̀ ló fẹ́ ẹ wá sí Obiagu ní ìlú Enugu. Lọ́dún yẹn, ọdún tó tẹ̀lé ìdìbò tí ìjọba ológun fagi lé, kẹrosíìnì di ohun àwátì ní Enugu, ibẹ̀ sì ni Bọ́lánlé ti rí iṣẹ́ ṣe. Ó ń kó èérún pákó, lẹ́búlẹ́bú tí ayùn ń gé sílẹ̀ ní sọ́míìlì, ní àpò àpò. Ó ń ṣa páálí àlòkù àti ìwé ìròyìn àtijọ́, ó ń tà wọ́n pọ̀ mọ́ igi ìdáná. Ilé ìdáná tí gbogbo ará ilé jọ ń lò ló tò wọ́n sí, láti ilẹ̀ títí dé abẹ́ òrùlé. Onílé kìlọ̀ títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. “Mo máa kó wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀,” ni Bọ́lánlé máa ń sọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn ò dé.

“Màdáàmù, ẹ̀yin lẹ lẹrù yìí,” ni ọ̀gá panápaná tún sọ. “Ta ló dáná?”

Ẹyin lọ̀rọ̀. Bọ́lánlé mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó jẹ́ kó bọ́.

“Màmá ló yan àgbàdo níbẹ̀ láàárọ̀.”

Gbogbo ojú kúrò lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n bọ́ sára ìyá ọkọ rẹ̀, arúgbó tó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Òótọ́ ni pé Màmá yan àgbàdo, ó sì ti úbe bọ inú eérú gbígbóná, èso tí àwọn ará ibẹ̀ ń fi jẹ àgbàdo. Ṣùgbọ́n ojú Bọ́lánlé ni Màmá ṣe bu omi pa iná náà, ojú rẹ̀ náà ló ṣe gbá eérú tútù dà sẹ́yìn ilé.

Màmá wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

“Mo rò pé mo pa á,” ló wí jẹ́jẹ́ ní èdè Ìgbò. “Bóyá n ò pa á dáadáa.”

Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti di ọmọ ọwọ́ nínú ilé ọmọ rẹ̀. Okechukwu ò bínú sí i, ìyẹn gan-an ló wá burú. Ohùn tí èèyàn fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ló fi ń bá a sọ̀rọ̀. “Màmá, ẹ fún mi ní ìṣáná yẹn.” “Màmá, ẹ má wulẹ̀ sún mọ́ iná mọ́.” Àwọn ará ilé ń kí i, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí ọmọ wọn jókòó tì í. Màmá ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Nígbà tí Bọ́lánlé bá jáde, á bá a níbi ilé ìdáná tó jóná, tó ń fi igi tú eérú wò.

“Kí lẹ ń wá, Màmá?”

“Kò sí nǹkan.”

Bọ́lánlé á fẹ́ jẹ́wọ́ pé òun rí i tó pa iná náà, á tún yí padà wọlé. Á máa tan ara rẹ̀ jẹ pé ta ló mọ̀, bóyá iná kan ta sí páálí kí Màmá tó bu omi sí i. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí kò fẹ́ rò rárá. Kí iná náà tó ṣẹlẹ̀, òjò ti gba òrùlé jò sórí àwọn àpò náà. Ó ti ki ọwọ́ bọ ọ̀kan nínú wọn, inú rẹ̀ sì gbóná bí inú búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ẹ̀rù ò bà á. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn, ó ní á tètè gbẹ.

Kò pẹ́, Màmá sọ pé òun ń padà sí abúlé, ní Awgu. Okechukwu bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, Okechukwu sìn ín dé ibùdókọ̀ ní Gariki, ó sì gba ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Bọ́lánlé mú ìgbálẹ̀, ó lọ sẹ́yìn balùwẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn àpò èérún pákó tí kò gbà nínú ilé ìdáná wà, lábẹ́ tàpólì tó ti ya. Kò tíì sún mọ́ ọn tí òórùn kan fi lù ú nímú, òórùn igi tó ń jó láìsí ọwọ́ iná. Ó ká tàpólì náà sókè. Ooru fẹ́ sí i lójú. Ó tú ẹnu àpò kan, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì yára fà á yọ pẹ̀lú igbe. Èérún tó tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀ jáde dúdú bí èédú, ó ń rú èéfín.

Kò sẹ́ni tó dáná lẹ́yìn balùwẹ̀ rí.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé kó yára da omi sí i, kó kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ààtàn, kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ó ti fa àpò kejì dé àárín àgbàlá nígbà tí Patrick jáde tòun ti báńdéèjì lọ́wọ́. Yàrá àbúrò rẹ̀ ló ń sùn láti ọjọ́ tí tirẹ̀ ti jó.

“Madam, sorry o,” ló wí. Ó fi ọwọ́ tó yè bá a di àpò mú. “Ẹ má banú jẹ́ nítorí Màmá. Ọjọ́ ogbó ni. N ò bínú sí wọn, ẹ bá mi sọ fún wọn.”

Bọ́lánlé fi àpò náà sílẹ̀. Bí Patrick bá bú u ni, ara ìbá tù ú.

“Ki ọwọ́ bọ̀ ọ́,” ló wí.

“Kí ló wà níbẹ̀?”

“Ṣáà ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, jẹ́jẹ́.”

Patrick ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fa ọwọ́ yọ kíá. Ó wo àpò, ó wo òkìtì tó kù lábẹ́ tàpólì, ó wo ògiri dúdú tó jẹ́ ti yàrá rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá wo Bọ́lánlé.

“Ta ló dáná sí èyí?”

“Kò sẹ́ni.”

“Èyí àkọ́kọ́ ńkọ́?”

Bọ́lánlé ò lè gbé ojú sókè. Patrick lọ fa omi. Àwọn méjèèjì tú àpò gbogbo sílẹ̀ ní gbangba, wọ́n ń tẹ́ èérún náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n ń da omi sí i títí èéfín fi dá. Bọ́lánlé nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀, ó sáré jáde sójú títì, ó gun ọ̀kadà lọ sí Gariki.

Ọkọ̀ Awgu ò tíì kún. Màmá jókòó sẹ́yìn, ó gbé àpò rẹ̀ sórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń wo iwájú. Bọ́lánlé kúnlẹ̀ síbi ilẹ̀kùn ọkọ̀, nínú erùpẹ̀. Àwọn èrò yíjú sí i.

“Màmá, kì í ṣe ẹ̀yin.”

“Kí ni kì í ṣe èmi?”

“Iná náà. Àpò mi ló gbiná fúnra rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn balùwẹ̀ náà ń jó láti inú, láìsí ẹni tó fi iná kàn wọ́n.”

“Ìgbà wo lo mọ̀?”

Bọ́lánlé lè sọ pé láàárọ̀ òní. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀.

“Mo ti mọ̀ pé ó ń gbóná kó tó jó,” ló wí. “Mo sì rí yín nígbà tẹ́ ẹ bu omi pa iná yín. Mo rí yín, Màmá.”

Màmá mí kanlẹ̀.

“Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá inú orí mi,” ló wí, “ibi tí ẹyín iná ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo wá a, mo wá a. Lánàá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Mo ti ń rí bó ṣe bọ́, bó ṣe yí lọ sábẹ́ páálí.” Ó wo Bọ́lánlé lójú. “Ohun tí kò ṣẹlẹ̀, ìyàwó wa.”

Ìtìjú bo Bọ́lánlé bí aṣọ tútù. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Mo máa sọ fún gbogbo wọn.”

“Wàá sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n ìròyìn ti ṣíwájú mi dé Awgu. Okechukwu ti ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n má jẹ́ kí n dáná mọ́.” Ó gbé àpò rẹ̀ kúrò lórí ìjókòó, ó gbé e lé itan. “Ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀. Wọlé.”

Bọ́lánlé wo ìró rẹ̀ tó dọ̀tí, ó wo sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wọlé, ó jókòó. Dẹ́rẹ́bà ń pe èrò kan tó kù.

Ìgbò tí Bọ́lánlé gbọ́ kò ju ti ọjà àti ti inú ilé lọ. Ó fẹnu sún mọ́ etí Màmá.

“Màmá, báwo ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ dáadáa, pé èmi ni mo parọ́ mọ́ yín?”

Màmá sọ ọ́ fún un. Bọ́lánlé pè é tẹ̀ lé e, ohùn rẹ̀ ò ju ìmí lọ.

“Sọ ọ́ sókè,” ni Màmá wí.