Ọ̀sán Tí A Kò Dé Ọ̀dọ̀ Felisa

Èmi Txomin kò fẹ́ràn àyípadà, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó má bínú. Ní Bilbao níbí, àwa ọ̀rẹ́ mẹ́ta, èmi, Eulogio àti Sabin, ti jọ ń jáde lọ́sàn-án láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí wa. A ó mu ife wáìnì kékeré kan nílé ọtí kan, a ó tún kọrí sí òmíràn. Ọ̀dọ̀ Felisa la ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹyin dídín rẹ̀ tó kún fún pòtétò. A kì í pe ara wa lórí fóònù. Ẹni tó bá pẹ́ mọ ibi tí yóò ti bá wa.

Ohun tó ń gba Eulogio sílẹ̀ nìyẹn. Iyè rẹ̀ ti ń rà. Ó lè gbàgbé orúkọ ọmọ ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbàgbé ọ̀nà ilé Felisa. Nekane, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti kìlọ̀ fún wa.

"Ẹ̀yin bàbá, mo bẹ̀ yín o. Bí bàbá mi bá tún fi lè sọnù, ilé àwọn arúgbó ni mò ń gbé wọn lọ. Apá mi ò ká a mọ́."

Felisa darúgbó, ó ta ilé ọtí náà. Ẹni tó rà á kó àga gíga sínú ẹ̀, ibẹ̀ wá kún fún àwọn àlejò tó ń ya fọ́tò oúnjẹ títí tó fi máa tutù. Ife ràgàjì ló gbé wáìnì fún wa.

"Kí lèyí?" Sabin pariwo. Ẹnu Sabin ò ní ìlẹ̀kùn. "Ṣé kí n mu ún ni, àbí kí n fi wẹsẹ̀? Láti ọ̀la lọ, ilé ọtí Ramiro la ó ti máa bẹ̀rẹ̀!"

"Eulogio ńkọ́?" mo bi í.

"Ṣebí ó wà níbí, ó ń gbọ́."

"Mo gbọ́ o," Eulogio rẹ́rìn-ín. "Ṣé adití ni mí ni?"

Ó gbọ́ lóòótọ́. Gbígbọ́ kọ́ ni ìṣòro ẹ̀.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ kejì. A bu wáìnì mẹ́ta lọ́dọ̀ Ramiro, ìkẹta kò rẹ́ni mu ún. Mo ní ká lọ wo ọ̀dọ̀ Felisa. Sabin ní, "Jókòó jàre, ó ń bọ̀." Nígbà tá a fi máa dìde, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Onílé ọtí tuntun náà ní bàbá kan dúró dí àwọn oníbàárà lọ́nà, ó ń béèrè wa, òun sì sọ fún un pé kò sáyè. Ẹ̀gbẹ́ odò làwọn ọlọ́pàá ti rí i, òjò ti pa á, ó ti tutù rinrin. Nekane ò bá wa jà. Ó ṣe ohun tó ní òun máa ṣe.

Inú bí mi sí Sabin, ṣùgbọ́n àwa méjèèjì la jọ lọ kí Eulogio nílé àwọn arúgbó. Aṣọ dúdú ló wọ̀. Kò dá wa mọ̀.

"Ẹ jókòó," ó ní. "Ẹ má bínú pé mi ò lè ṣe yín lálejò. Ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ mí."

"Ta ló kú?" Sabin bi í.

"Àwọn ọ̀rẹ́ mi, Txomin àti Sabin. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n kú."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

"Ta ni ì bá tún sọ fún mi? Mo dé ọ̀dọ̀ Felisa lọ́sàn-án, mi ò bá wọn. Kí ló tún lè dá àwọn yẹn dúró, bí kì í bá ṣe ikú?"

Sabin kọjú sí ògiri, ó ń sunkún. Mo di ọwọ́ Eulogio mú, mo ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí irú ẹ̀ ṣe èmi náà.