Àtẹ̀jíṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta

Bí wọ́n bá ní kí Kògbọdọ̀dún yan ọ̀kan nínú fóònù ńlá àti ejò, á kọ́kọ́ béèrè irú ejò tó jẹ́. Káfíńtà ni, ilẹ̀kùn sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí pé ilẹ̀kùn tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde kì í dún pẹ́nrẹ́n. Bó bá dún, á tú u, á tún un gbé kọ́, bí gbogbo ayé tilẹ̀ ń dúró dè é. Fóònù kékeré tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí ló ń lò láti ọjọ́ pípẹ́. Á pè ọ́, á ní "Mo ti dé o," ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Àfi bí ọ̀gá tuntun ṣe dé síbi iṣẹ́, ọ̀gá tí kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá wo nǹkan kan. Ó ní kí oníkálukú máa ya àwòrán ohun tó bá parí, kí ó fi ránṣẹ́ sí òun, inú fóònù náà lòun yóò ti máa pín iṣẹ́ tó kàn. Ẹni tí kò bá sí nínú fóònù, kò sí níbi iṣẹ́ nìyẹn. Kògbọdọ̀dún kùn títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́, ó sì lọ ra fóònù. Ta ni yóò bá ọ̀gá jà, tí yóò wá padà lọ jókòó sílé?

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, ló bá a tò ó. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ìyá wọn nílé ìwòsàn ni wọ́n ti ṣe é, torí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí àwọn méjèèjì ti ń ti ibi iṣẹ́ lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ki síìmù bọ̀ ọ́, ó kọ orúkọ, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kí fóònù lè máa dá a mọ̀. Fóònù kọ̀ jálẹ̀. Ayùn àti pákó ti fá àtàǹpàkò náà dan. Wọ́n gbìyànjú ìka mẹ́rin, kó tó wá gba ìka tó kéré jù.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Ìyá wí lórí ìrọ̀rí. "Ìka tí kò ṣiṣẹ́ rí náà ti ríṣẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé nọ́ọ̀sì wá bá wọn wí. Ó ní fóònù kò gbọdọ̀ ké ní wọ́ọ̀dù yẹn, torí náà àbúrò rẹ̀ pa ohùn ẹ̀ mọ́ ọn nínú, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ìka rẹ̀ tóbi ju lẹ́tà lọ, bó bá tẹ ọ̀kan, méjì á jáde. Ó ní níbo làwọn àmì wà, tòkè àti tìsàlẹ̀, tí tíṣà fi pàṣán kọ́ àwọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ráyè ìyẹn? Ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Á yé èèyàn."

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ẹ̀rín ṣọ̀wọ́n lẹ́nu Ìyá. Dókítà pe àwọn ọmọ méjèèjì sí kọ̀rọ̀, ó sọ òótọ́ fún wọn, Ìyá náà sì mọ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ fún un. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló ní. Ọkọ rẹ̀ dá nìkan kú nínú yàrá ni, nígbà tí gbogbo wọn wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rù irú ikú bẹ́ẹ̀ sì ń bà á ju ikú fúnra rẹ̀ lọ. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin mú.

"Ẹ̀yin méjì ni mo bí. Ẹ̀yin méjèèjì ni mo fẹ́ rí tí mo bá ń lọ. Má fi mí sílẹ̀ o."

"Ibo ni mo fẹ́ lọ, Màmá? Ibí ni mo wà."

Òótọ́ inú rẹ̀ ló sọ. Ó sì gba ààyè ọjọ́ márùn-ún lọ́wọ́ ọ̀gá.

Ní ọjọ́ kẹta, bí agogo mẹ́wàá àárọ̀, ó sọ̀kalẹ̀ láti lọ ra omi. Àjà kẹta ni wọ́ọ̀dù Ìyá wà. Bó ṣe dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn báyìí, fóònù gbọ̀n nínú àpò rẹ̀. Ọ̀gá ni. Ilẹ̀kùn méjìlélógún tí Kògbọdọ̀dún fi oṣù méjì kàn fún ilé ìwé kan, wọ́n ti yí ọjọ́ padà, òní ni wọ́n fẹ́ gbé wọn kọ́. Bí kò bá lè wá, ẹlòmíràn yóò gbé wọn kọ́, iṣẹ́ tó kàn náà yóò sì di ti onítọ̀hún. Ọ̀gá fi àwòrán kan tẹ̀ lé e: ọ̀kan nínú ilẹ̀kùn rẹ̀ rèé nílẹ̀, tí ẹnì kan ti ń kan ìṣó mọ́ ọn níbi tí kò yẹ.

Ó tẹ ọ̀rọ̀ sí àbúrò rẹ̀ lókè, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn: "Won n pe mi nibi ise. Se ki n lo?"

Ó dúró. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn. Èsì dé, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré: "E ma lo."

Ó kà á sẹ́nu: "Ẹ máa lọ." Ó tún un kà, kò sì jẹ́ kó dún sókè mọ́. Ohun tójú ń wá lojú ń rí. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àtẹ̀gùn, ó lọ wọkọ̀.

Nílé ìwé náà, ó ju fóònù sínú àpò irinṣẹ́, ó sì gbé ilẹ̀kùn kìíní kọ́. Ó ṣí i, ó tì í, kò dún. Inú rẹ̀ dùn, kí á má parọ́. Ó wá fóònù jáde láti ya àwòrán rẹ̀ fún ọ̀gá, ìgbà náà ló rí i pé àbúrò rẹ̀ ti pè é lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ó yára pè é padà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, níbo lẹ wà?"

"Ibi iṣẹ́. Ṣebí ìwọ lo ní kí n máa lọ."

"Mo ní ẹ má lọ. Mo ní ẹ má lọ! Èémí Màmá ti yí padà nígbà yẹn. Mo sọ fún wọn pé ẹ ti ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, ni wọ́n bá kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà títí wọ́n fi lọ."

Nígbà tó máa fi padà dé, wọ́n ti fi aṣọ bo Ìyá lójú. Àbúrò rẹ̀ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, fóònù tirẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà ṣì wà lójú fóònù.

"Èmi ni," ó ní. "Ọwọ́ kan ni mo fi tẹ̀ ẹ́, Màmá di èkejì mú. Ǹ bá kọ 'rárá' síwájú ẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rin péré! Èmi ni mo lé yín lọ. Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n máa wo ẹnu ọ̀nà lásán."

Àwọn àgbà kúkú ti wí i pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Kògbọdọ̀dún mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn yẹn. Ó mọ̀ pé nígbà tí òun ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì, òun gbọ́ ohùn kejì tó wà nínú rẹ̀. Ó mọ̀ pé kò ní ju ìṣẹ́jú méjì lọ láti gòkè lọ béèrè. Kò gòkè, torí pé bó bá fi lè rí ojú Ìyá, kò ní lè kúrò níbẹ̀ mọ́, ilẹ̀kùn rẹ̀ yóò sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ó yẹ kó sọ ọ́. Ó la ẹnu láti sọ ọ́, ojú sì tì í. Àbúrò rẹ̀ ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà yẹn, ó dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

"Ẹ foríjì mí, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

Ó gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Ó ti tó," ó ní. "Dìde. Mo ti foríjì ẹ́."