Mo Gbà
Ìwọ tí ò ń ka èyí, ṣọ́ra o: má tọwọ́ bọ ìwé tí o ò kà tán, ọmọ ìyá ẹ ì báà gbé e wá.

Alásè iléèwé kan kọ “Mo gbà” sórí ìwé tí àbúrò rẹ̀, ọ̀gá àgbà ibẹ̀, gbé fún un. Ó rò pé òun fara mọ́ ọn kí ìjọba fa omi, kí wọ́n kọ́ ilé ìdáná ni.

Aṣojú ìjọba wá bá a lábẹ́ igi, níbi tó ti ń fi omi odò dáná.

“Ìyá, ẹ ní ẹ ti gba ẹ̀rọ omi àti ilé ìdáná. Wọ́n dà?”

Ó wo àbúrò rẹ̀ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣojú náà.

“Ẹ bi ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ló gbà á.”

“Ìwọ tí mo fẹ̀yìn pọ̀n?”

“Ìyá, ẹ sọ̀rọ̀.”

“Ó tán. Mi ò sọ nǹkan kan mọ́.”