Ohùn Inú Yàrá Ọmọ

Aṣọ́bodè ni wọ́n ń pe obìnrin náà níbi iṣẹ́, nítorí òun ló ń ṣọ́ ẹni tó bá yọ́ wọ inú àwọn kọ̀ǹpútà tí ìsọfúnni àwọn ilé ìwòsàn ń gbà kọjá. Iṣẹ́ ojú ni, kì í ṣe iṣẹ́ ẹnu. Ìsọfúnni ọ̀hún ń sáré débi pé kò sí ẹ̀rọ tó lè tú gbogbo rẹ̀ wò. Bó ṣe ń rìn ni Aṣọ́bodè ń wò: ìgbà tó yára, ìgbà tó dúró mí. Ẹni tó ń ti inú kọ̀ǹpútà kan bọ́ sínú òmíràn lè pa orúkọ dà, àmọ́ ìrìn rẹ̀ kì í yí padà.

Olè kan ti wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sì jí nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló ń ba Aṣọ́bodè lẹ́rù. Bí ọ̀sán bá pọ́n, tí Aṣọ́bodè ń bá ọmọ rẹ̀ jòjòló sọ̀rọ̀ láti ibi iṣẹ́, nínú kámẹ́rà tó gbé sí yàrá ọmọ náà, olè yìí á dákẹ́ wẹ́lo. Ọ̀gá Aṣọ́bodè fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bóyá olè náà lọ jẹun ọ̀sán ni.

Lọ́jọ́ kan, Aṣọ́bodè tọpa ìrìn olè náà láti kọ̀ǹpútà dé kọ̀ǹpútà títí ó fi dé ìkángun. Ilé tirẹ̀ ló já sí. Ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ là láti ibi iṣẹ́ kó lè máa rí ọmọ rẹ̀ ni olè náà ń gbà wọlé, inú kámẹ́rà ọmọ ló sì fi ṣe ibùba.

Ó pe ìyá rẹ̀, tó ń bá a tọ́jú ọmọ, pé kó fa wáyà kámẹ́rà yọ kíá. Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní ta ni yóò wá máa kọrin fún ọmọ.

"Màmá, mi ò kọrin fún un níbẹ̀ rí."

"Ìwọ mà ni. Ohùn rẹ ni. O ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé ẹnì kan ń bọ̀ wá gbé ọmọ, pé kí n ṣílẹ̀kùn fún un."

Nígbà náà ni Aṣọ́bodè gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú fóònù, láti yàrá ọmọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún: "Màmá, ẹ má dá a lóhùn. Ẹni tó wà lórí fóònù yẹn kì í ṣe èmi." Gbogbo ọ̀sán tí olè náà fi ń dákẹ́, ohùn Aṣọ́bodè ló ń kọ́, ó sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí Màmá ń bá a sọ.

Màmá kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ní kí ẹni tó bá jẹ́ ọmọ òun dárúkọ tí òun fi ń kẹ́ ẹ láti kékeré.

Kí Aṣọ́bodè tó lanu, yàrá ọmọ ti dáhùn: "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́."

Aṣọ́bodè pe orúkọ náà tẹ̀lé e, ó tún un pè, àmọ́ lẹ́nu tirẹ̀, ṣe ló dún bí ẹni tó ń sín ẹlòmíràn jẹ. Màmá gbé fóònù sílẹ̀ láìpa á. Lẹ́yìn náà ni Aṣọ́bodè gbọ́ kọ́kọ́rọ́ tí màmá ń yí nínú ilẹ̀kùn, tí ohùn òun fúnra rẹ̀ sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá.