Atẹ́gùn Tí Dókítà Ń Retí

Ọ̀la ni wọn yóò sin ìyàwó mi, èmi sì wà nílé ìwòsàn pẹ̀lú ikùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán. Ìfun mi ló lọ́ pọ̀ lẹ́yìn tí ìyàwó mi kú, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi tú u. Dókítà ní òun lè yọ̀ǹda mi fún ìsìnkú náà, ṣùgbọ́n atẹ́gùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde nídìí mi, kí òun lè mọ̀ pé ìfun ti jí. Bí kò bá jáde, n kò lọ.

Ara mi kò balẹ̀. Mo jókòó, mo dìde. Mo di ìrọ̀rí mọ́ ojú ọgbẹ́, mo ń ti irin tí wọ́n fi omi tó ń wọ apá mi kọ́, mo rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, mo rìn ín bọ̀.

“Bàbá, ẹ jókòó,” ni awakọ̀ tó wà lórí ibùsùn kejì wí. “Ẹ ti fẹ́ rin ilẹ̀ yìí lu. Tèmi dún bí ìgbà tí táyà bẹ́, gbogbo wọ́ọ̀dù ló kí mi kú oríire.”

“Èmi kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ.”

“Òótọ́ ni. Èmi ti ń jẹun.”

Lọ́sàn-án, àna mi, ìyá tó bí ìyàwó ọmọ mi, gbé aṣọ ìsìnkú mi wá. N kì í tilẹ̀ yán níwájú obìnrin yìí. Bí ó ti ń ròyìn ètò ọ̀la fún mi, atẹ́gùn náà jáde. Mo fi ikọ́ bò ó. Ikọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ọgbẹ́ mi.

Nọ́ọ̀sì yọjú. “Bàbá, ṣé ó ti jáde?”

“Rárá.”

“A jẹ́ pé ẹ̀yin àti àwa la jọ wà níbí lọ́la nìyẹn.” Ó yíjú padà.

Ìyàwó mi ló máa ń bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí fún dókítà, èmi a máa wo ògiri.

“Nọ́ọ̀sì,” mo pè é. “Irọ́ ni mo pa. Mo ti só.”

Awakọ̀ pàtẹ́wọ́. Nọ́ọ̀sì lọ pe dókítà. Àna mi kò rẹ́rìn-ín, aṣọ ló ń tú.

“Mo gbọ́ ọ,” ó ní. “Bí ẹ ò bá sọ ọ́, èmi ni ǹ bá bá yín sọ ọ́. Wọn ò ní sin ín lẹ́yìn yín.”

“Ẹ ṣé, àna mi.”

Mo ti apá kan bọ aṣọ náà. Awakọ̀ ní kí n dúró, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ abẹ́rẹ́ omi lápá kejì. N kò lè dúró.