Àtàǹpàkò Bassou

Izza ti àtàǹpàkò bọ inú tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, ó sì fi etí láwàní tó yá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ nù ún. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Tuda, olùkọ́ wọn, nìkan ni kò pàtẹ́wọ́, nítorí kì í ṣe ibi tó ní kí eré parí sí nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló ti fi ń kọ́ wọn nípa ojú ọjọ́ tó ń yí padà, òjò tó kọ̀ tí kò rọ̀ mọ́, àti bí ìjọba ṣe fẹ́ máa fi oòrùn ṣe iná mànàmáná dípò epo. Lónìí ó ní kí wọ́n fi ṣeré. Àwọn kan ṣe ìjọba, àwọn kan ṣe ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ to sólà sórí ilẹ̀ ìjẹko, àwọn kan ṣe obìnrin tó ń da àgùtàn. Izza ni aṣojú ẹ̀yà, ọkùnrin kan ṣoṣo tó ń tẹ̀ka fún gbogbo ìlú lórí ilẹ̀ àjùmọ̀ní. Ní ìlú tiwọn gan-an, Bassou, bàbá Tuda, ló wà nípò yẹn.

"Izza, àwọn obìnrin ò tíì sọ̀rọ̀. Kí ló dé tó o ti tẹ̀ka?"

Izza rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, bí wọ́n ṣe ṣe é nílé wa lọ́jọ́rú náà nìyẹn. Wọ́n kọ́kọ́ mu tíì, ife mẹ́ta mẹ́ta. Bàbá yín wá tẹ̀ka síwèé ilé-iṣẹ́ sólà."

Ẹnì kan fi ìgbọ̀nwọ́ gún Izza níhà. Ìgbà yẹn ni Tuda mọ̀ pé gbogbo wọn ló ti gbọ́, pé àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá mọ ohun tí òun ò mọ̀ nínú ilé bàbá òun. Ojú tì í. Ó ní kí wọ́n máa kàwé, ó sì jókòó.

Ní oṣù tó kọjá, Bassou fọwọ́ sọ́yà pé òun ò ní tẹ̀ka síwèé kankan títí wọn yóò fi kọ orúkọ àwọn obìnrin mọ́ àwọn tó ni ilẹ̀. Tuda ló gbé ìlérí náà lọ bá Itto, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ olórí àwọn darandaran obìnrin. Itto fẹ́ kó wọn lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ìjọba. Tuda ló ní kí wọ́n ṣe sùúrù.

Nígbà tí iléèwé parí, ó bá Bassou níbi tó ti ń já ewé míǹtì sínú ìkòkò tíì. Bassou ò tilẹ̀ jiyàn.

"Àwọn ọkùnrin ló kọ́kọ́ kọ̀," ni ó wí. "Mo ní ṣé wọn ò mọ ohun tí Tuda ń kọ́ ọmọ wọn ni? Pé èéfín epo ló lé òjò lọ, pé oòrùn ló kù tó lè gbà wá. Bí mo ṣe dárúkọ rẹ ni gbogbo wọn gbà."

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò pè mí?"

"Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin lo máa dá sílẹ̀."

Ó na ife tíì sí i. Tuda ò gbà á. Ká ní bàbá rẹ̀ gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, ìbá rọrùn fún un láti bínú. Orúkọ òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi dalẹ̀ òun.

Ó yára gun òkè lọ bá Itto, kó lè débẹ̀ ṣáájú ìròyìn, àmọ́ ìròyìn ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Itto dúró láàárín àgùtàn rẹ̀, ó ń ran òwú, kò dáhùn nígbà tí Tuda kí i. Tuda rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, pé inú kíláàsì lòun ti gbọ́, lónìí yìí. Itto jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Mo gbà pé o ò mọ̀ pé wọ́n tẹ̀ka," ni ó wí. "Wọ́n ní o kọ́ àwọn ọmọ pé ilẹ̀ yìí ṣófo. Ṣé irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọ?"

Tuda la ẹnu láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà náà ló rántí pé lọ́jọ́ Ajé, òun ti ní kí àwọn ọmọ nawọ́ sí ilẹ̀ òfìfo kan tí sólà lè gbà. Orí òkè yìí ni gbogbo wọn nawọ́ sí láti ojú fèrèsé, ó sì fún wọn ní máàkì tó pé.