Ẹni Mẹ́rin, Owó Ẹni Méjì

Ẹni tó bá ní mo láhun, kó wá sọ ọ́ lójú mi. Èmi Àwẹ̀ró, aránṣọ yunifọ́ọ̀mù ní Ìwárò Ọ̀kà, mi ò láhun. Mo kàn kórìíra kí n san odidi owó lórí ohun tí mo lè san ààbọ̀ rẹ̀ ni. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀, àfi ẹni tí kò bá fẹ́ rí i.

Oṣooṣù ni mo ń lọ sí Èkó lọ ra aṣọ àti síìpù, ọkọ̀ Ìrìn Ayọ̀ ní Ìkàrẹ́ sì ni mo máa ń wọ̀. Ọdún tí epo gbówó lórí gan-an ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ póìńtì dé. Tó o bá bá wọn lọ lẹ́ẹ̀kan, póìńtì mẹ́wàá á wọlé sórí fóònù rẹ. Tó bá jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun lo lọ, ogún ni, nítorí èrò kì í pọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bí mo ṣe sọ ara mi di èrò ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ra síìpù kì í ṣí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nítorí náà mo máa ń sun gáréèjì mọ́jú ni. Ìgbà kan wà tí wọ́n ní díẹ̀ nínú póìńtì mi fẹ́ kú bí mi ò bá rìnrìn àjò kí oṣù tó parí. Mi ò ní nǹkan kan tí mo fẹ́ rà. Mo lọ sí Èkó, mo jẹ mọ́ínmọ́ín ní gáréèjì, mo padà sílé. Póìńtì ò kú.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé Pírómò Ẹbí jáde. Ẹni mẹ́rin tó ń jẹ́ orúkọ bàbá kan náà, tí wọ́n jọ wọkọ̀ pọ̀, owó ẹni méjì ni wọ́n máa san. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sì ní póìńtì tó pọ̀, póìńtì á san ti ẹni méjì yẹn náà. Ìyẹn ni pé ẹni mẹ́rin lè gúnlẹ̀ sí Èkó láìná kọ́bọ̀. Nígbà tí mo kà á tán lórí fóònù, mo jókòó sílẹ̀, mo tún un kà.

Ìrìn àjò wà nílẹ̀ tí a fẹ́ fi í ṣe. Àǹtí Ìyátúndé, àbúrò Bàbá wa, wà ní Ìkòròdú lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ara rẹ̀ ò yá, kò sì sẹ́ni tó ń tan ara rẹ̀ jẹ mọ́ pé á gbádùn. Òun ló wò wá dàgbà nígbà tí ìyá wa kú, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó fi fóònù pe Bàbá, ó ní, "Kó àwọn ọmọ mi wá. Lẹ́ẹ̀kan náà ni o. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó wá wo àwòrán."

Bàbá gbé fóònù sílẹ̀, ó ní, "Ẹ ti gbọ́. Bí ẹnì kan bá dín nínú yín, èmi náà ò lọ. Kí ni mo fẹ́ lọ sọ fún un?"

Láti ọjọ́ náà ni báàgì Bàbá ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí a bá fẹ́ gbálẹ̀, a ó gbé e kúrò. Bí a bá gbálẹ̀ tán, á ní ká gbé e padà síbi tó wà.

Níbo wá ni wàhálà wà? Orúkọ ni. Fágbàmílà ni Bàbá wa, bàbá tó bí i náà Fágbàmílà, ohun tí wọ́n ń bọ nílé wa láti ayébáyé lòun náà sì ń bọ títí dòní. Bọ̀ọ̀dá Pius, àkọ́bí rẹ̀, jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ìkàrẹ́ ló ń gbé, alàgbà ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní òun ò lè máa gbé orúkọ Ifá kiri, ó sọ ara rẹ̀ di Olúgbàmílà. Múrítàlá, àbúrò mi tó ń ta páànù, fẹ́ ọmọ Lèmọ́ọ̀mù. Òun ní Gbàmílà lásán ti tó òun, ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó gba òun là kó wá bi òun. Èmi jáde nílé ọkọ, mo gba orúkọ bàbá mi padà, mo sì jókòó jẹ́ẹ́. Bàbá kan, ọmọ mẹ́ta, orúkọ mẹ́ta. Ní Àkókó níbí, ta ló máa sọ pé òun ò rí irú ẹ̀ rí?

Bàbá ò bá Múrítàlá jà. Ti Bọ̀ọ̀dá Pius ló dùn ún, nítorí àkọ́bí ni, àti nítorí pé ó gbé ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn kí gbogbo ayé lè rí i. Láti ìgbà yẹn, Bàbá ò pe orúkọ rẹ̀ mọ́. "Tíṣà" ló ń pè é. "Ẹ sọ fún Tíṣà kó wá jẹun." Bọ̀ọ̀dá Pius náà ò fẹnu kan Fágbàmílà mọ́. Bó bá di dandan, á ní "orúkọ àtijọ́ yẹn". Ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti ń ṣe báyìí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó máa ń sú mi.

Mo lọ bá Múrítàlá. Mo ní mo fẹ́ fi Fágbàmílà gba tíkẹ́ẹ̀tì fún gbogbo wa.

"Àǹtí, kọ ọ́," ó ní. "Orúkọ yẹn ni wọ́n máa ń pè nílé ìwé tí wọ́n bá fẹ́ nà mí. Ó mọ̀ mí dáadáa."

Mo lọ sí Ìkàrẹ́ lọ bá Bọ̀ọ̀dá Pius. Ó gbọ́ mi látòkè délẹ̀, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Ohun tó o bá kọ, ìwọ lo kọ ọ́," ó ní. "Èmi ò sọ nǹkan kan." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì yára jáde lọ fi fóònù gba tíkẹ́ẹ̀tì náà kó tó ronú sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la gbéra, ẹ ò nílò kí n sọ ìdí ẹ̀. Pírómò ò kan ẹni tó bá wọkọ̀ lójú ọ̀nà, àfi ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ní Ìkàrẹ́. Nítorí náà a ti Ọ̀kà kọjá Àkùngbá lọ sí Ìkàrẹ́, kí ọkọ̀ lè tún gbé wa kọjá Àkùngbá padà. Bàbá bi mí pé kí ló dé. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní ó dáa.

Bọ̀ọ̀dá Pius ti dé gáréèjì ṣáájú wa, ó wọ kóòtù. Ọmọbìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, Mosúnmọ́lá, mọ̀ mí dáadáa. Ó kí wa, ó bá Bàbá gbé báàgì, ó wá ní, "Mà, wọ́n ti fi nǹkan kan kún òfin o."

"Òfin wo?"

"Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àkùngbá ni, mà. Àwọn mẹ́rin wá níjọ́sí, wọ́n ní ẹbí làwọn. Ẹgbẹ́ ni gbogbo wọn. Ọ̀kan ní òun ni bàbá àwọn mẹ́ta yòókù. Máníjà wá ní kí oníkálukú máa wá síwájú káńtà, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, kí n tó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ."

Mi ò wo ọ̀dọ̀ Bọ̀ọ̀dá Pius.

Múrítàlá kọ́kọ́ lọ. "Múrítàlá Fágbàmílà," ó sọ ọ́ geere, bí ẹni tí wọ́n bi ní àdírẹ́sì. Èmi náà sọ tèmi. Ó wá kan Bọ̀ọ̀dá Pius. Ó rìn lọ síwájú káńtà, ó ṣe kóòtù rẹ̀ dáadáa.

"Pius," ó ní.

"Pius kí ni, sà?"

"Pius."

"Orúkọ bàbá yín, sà."

"Ó wà níwájú rẹ níbẹ̀. Tẹ ohun tó wà níwájú rẹ."

"Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Àwọn èrò tó wà lẹ́yìn wa ń pòṣé. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, èmi ló kọjú sí. "Àwẹ̀ró, mo dúró níwájú ìjọ, mo sọ pé mi ò jẹ́ ẹ mọ́. Mi ò lè wá jẹ́ ẹ padà nítorí owó ọkọ̀."

Inú bí mi. "Bọ̀ọ̀dá Pius, ṣé Ọlọ́run wà ní káńtà níbí ni?"

"Ó wà níbi gbogbo," ó ní.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bú u. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Mo rán an létí pé owó tó wà lọ́wọ́ èmi àti Múrítàlá, owó oògùn Àǹtí Ìyátúndé ni, pé bí a bá ná an sórí ọkọ̀, kò ní gbé ju ẹni méjì lọ, pé Bàbá sì ti búra. Ó ní òun mọ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Inú òun náà ò dùn, kí n má purọ́, ṣùgbọ́n kò gbà láti sọ ọ́.

Orí bẹ́ǹṣì ni Bàbá jókòó sí ní gbogbo àkókò yẹn. Ó dìde, ó rọra rìn wá sídìí káńtà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú.

"Ọmọ mi," ó sọ fún Mosúnmọ́lá, "o ò tíì bi mí."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Kí lorúkọ yín, sà?"

"Olúgbàmílà."

Mosúnmọ́lá wò mí. Èmi ń wo Bàbá.

"Olúgbàmílà lò ń gbọ́ yẹn," Bàbá ní. "Kọ ọ́ sí ti gbogbo wa. Èmi ni mo bí wọn. Bí mo bá ti ń jẹ́ ẹ, àwọn náà ń jẹ́ ẹ nìyẹn. Ṣe kíá, àbúrò mi ń retí wa."

Ó padà lọ jókòó. Omi ti bọ́ lójú mi kí n tó mọ̀. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá rí orúkọ yẹn lára ìwé ìpè ìgbéyàwó ọmọ ọmọ rẹ̀, á da ìwé dé! Òun ló wá fẹnu ara rẹ̀ jẹ́ ẹ láàárín gáréèjì, kó lè rí àbúrò rẹ̀. Múrítàlá yí ojú sí ibi tí wọ́n ti ń ta gààrí.

Mosúnmọ́lá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Bọ̀ọ̀dá Pius na ọwọ́ bo ojú ẹ̀rọ náà.

"Má tẹ̀ ẹ́," ó ní. "Pa pírómò yẹn rẹ́. Ẹni mẹ́rin, owó ẹni mẹ́rin. Orúkọ tí oníkálukú ń jẹ́ ni kó o kọ fún un."

Fóònù rẹ̀ ló fi san án, láti inú owó tó ń tọ́jú láti fi ra jẹnẹrétọ̀. Mo la ẹnu láti sọ pé ó kéré tán, ká jẹ́ kí póìńtì san ti ẹnì kan. Múrítàlá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Kò pẹ́ ni fóònù mi dún. Ìrìn Ayọ̀ ló ń kí mi kú oríire, pé póìńtì ọgọ́rin ti wọlé fún mi. Mo pa fóònù.

Wọ́n wá ń pe orúkọ láti wọkọ̀. Wọ́n pe Bọ̀ọ̀dá Pius, ó wọlé. Wọ́n pe Múrítàlá, wọ́n pe èmi.

"Bàbá Fágbàmílà!" Mosúnmọ́lá pè.

Bàbá jókòó, ó ń wo òkè àpáta lọ́ọ̀ọ́kán.

"Bàbá Fágbàmílà!"

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. "Bàbá, wọ́n ń pè yín."

"Kì í ṣe èmi," ó ní. "Mo ti sọ orúkọ mi fún ọmọ yẹn."

Kò fi ṣeré. Mo bẹ̀ ẹ́, Múrítàlá náà wá bẹ̀ ẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ tí òun bá ti sọ lójú èrò, òun kì í kó o jẹ, bó bá jẹ́ pé Olúgbàmílà ni wọ́n ń gbé lọ sí Èkó, kí wọ́n pe Olúgbàmílà, òun á dìde. Dẹ́rẹ́bà ń fun fèrè. Ẹnì kan nínú ọkọ̀ ní bí a ò bá lọ, kí wọ́n fi wá sílẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Pius sọ̀ kalẹ̀. Ó wá dúró níwájú Bàbá, àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun nínú kóòtù, òógùn bò ó.

"Bàbá, ẹ dìde."

"Ta ni kó dìde?"

Bọ̀ọ̀dá Pius tẹ̀ba sí i. "Fágbàmílà," ó ní.

"Mi ò gbọ́ ọ."

"Fágbàmílà!" Gbogbo ọkọ̀ ló gbọ́ ọ. "Bàbá mi, Fágbàmílà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ rí Àǹtí Ìyátúndé."

Bàbá wò ó. Ó wá na ọwọ́ sí i.

"Pius," ó ní, "fà mí sókè."